HP tó wà lára kilarinẹ́ẹ̀tì rẹ yẹn

Àbúrò, mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́. O ní o ti san àsansílẹ̀ lórí fèrè kilarinẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ kan ní Dùgbẹ̀, o wá bá òrùka dúdú tín-ín-rín mẹ́ta nínú àpótí rẹ̀, pẹ̀lú irin kékeré kan tó lanu bí èékánná alákàn, o sì ń béèrè ohun tí wọ́n wà fún. Jẹ́ kí n tètè dáhùn ìyẹn, torí ohun mìíràn ló já mi láyà nínú àwòrán náà.

Irin yẹn, ìwé orin ni wọ́n ń fi há sára fèrè tí wọ́n bá ń yan tí wọ́n ń fọn, bíi ti ẹgbẹ́ ọlọ́pàá. Tí o kò bá ní bá wọn yan, fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Òrùka kì í ṣe wáṣà ẹ̀rọ omi o. Bárẹ̀ẹ̀lì, ègé kúkúrú tó wà lábẹ́ ibi tí à ń fẹnu sí, la máa ń fà jáde díẹ̀ tí ohùn bá ga jù. Tí a bá fà á, àyè á ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀, omi á máa dúró síbẹ̀, àwọn ohùn kan á sì wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òrùka yẹn la fi ń dí àyè náà. Mo ti da tèmi nù kí n tó mọ̀.

Ohun tó já mi láyà ni lẹ́tà HP tó wà lábẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe é. Kì í ṣe àwọn oníkọ̀ǹpútà o! High Pitch ni, ohùn gíga. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ti ológun, máa ń fi A, ohùn tí àwọn olórin fi ń tún ohùn èlò wọn ṣe, sí nǹkan bíi 452, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa lónìí jẹ́ 440, èyí tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní London lọ́dún 1939. Ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àlàfo tó wà láàrin A àti kọ́kọ́rọ́ dúdú tó tẹ̀ lé e lókè, B-flat, lórí kíbọ́ọ̀dù.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni irú ẹ̀ fi jẹ mí níyà ní ìjọ wa ní Òkè-Àdó. Oníkíbọ́ọ̀dù á yíjú wò mí, ọ̀gá akọrin á ní ètè mi ló le jù. Mo pààrọ̀ ríìdì, esùsú pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n níbi tí à ń fẹnu sí, títí ó fi sú mi. Mo fa bárẹ̀ẹ̀lì títí kọ́ọ̀kì tó dì í mú fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Nígbà tó yá, mo ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Mọ́kọ́lá gbẹ́ èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi. Àwọn ohùn àárín tí à ń fọn láìdí ihò púpọ̀, G àti A, wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Àwọn tí à ń dí gbogbo ihò fún ṣì ń han lókè. Mo sanwó iṣẹ́ náà o. Ọjọ́ tí mo tẹ́ ẹ ti kilarinẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ mi lórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì ni ojú mi tó là: tèmi fi nǹkan bí ìbú ìka kan kúrú, àwọn ihò rẹ̀ sì sún mọ́ra ju tiẹ̀ lọ látòkè délẹ̀. Ègé kan lórí ò lè tún ìyẹn ṣe.

Kí o tó san ìyókù, padà lọ. Fọn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí fèrè tútù máa ń rẹlẹ̀, á sì tàn ọ́ jẹ. Ti bárẹ̀ẹ̀lì wọlé pátápátá, ṣí tuner, áàpù tó ń wọn ohùn, lórí fóònù rẹ, kí o fọn B. A ló yẹ kí tuner gbé wá, torí ohùn kilarinẹ́ẹ̀tì B-flat máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ sí orúkọ tí à ń pe ohùn tí a fọn. Tó bá ga díẹ̀, kò burú. Tó bá lọ dúró sí agbedeméjì A àti B-flat, gba àsansílẹ̀ rẹ padà. Ọkùnrin náà lè sọ pé ètè rẹ ló le. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn.