Ṣé jélé-ó-sinmi àdúgbò lè tọ́jú ọmọ tó ní autism?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún méjì ààbọ̀, dókítà sì ní autism wà lára rẹ̀, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ tó lè mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe pọ̀ nira fún ọmọ. Lẹ́kí ni ibi ìtọ́jú tí wọ́n júwe fún wa, Mushin ni a ń gbé, ọjà ni mo sì ń tà. Ṣé jélé-ó-sinmi tó ń lọ lè ṣe ìtọ́jú náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ó ṣeé ṣe, bí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìtọ́jú náà, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì ń ṣàbójútó wọn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí ẹ máa gbé e la Third Mainland kọjá, nítorí ọmọ tó ti sunkún nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ kì í lókun láti kọ́ ohunkóhun tó bá débẹ̀.

Early Start Denver Model ni ìlànà tí mò ń lò. Sally Rogers àti Geraldine Dawson ló gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ọmọ oṣù 12 sí 48, inú eré àti oúnjẹ ni wọ́n sì ti ń fi í kọ́ ọmọ. Nínú ìwádìí kékeré kan láti Melbourne, ní Ọsirélíà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ tó ní autism tí wọ́n fi ìlànà yìí kọ́ láàárín àwọn ọmọ tí kò ní in kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó wà ní kíláàsì àwọn ọmọ tó ní autism nìkan.

Ẹ wo àkókò oúnjẹ. Kàkà kí olùkọ́ sáré fi mọ́ínmọ́ín sí i lẹ́nu, kí ó gbé ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀, kí ó pe “mọ́ínmọ́ín” lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dúró. Bí ọmọ bá wojú rẹ̀, tàbí tó nawọ́, tàbí tó tilẹ̀ sọ “mọ́” lásán, kí ó fún un lójú ẹsẹ̀. Mọ́ínmọ́ín náà ni èrè rẹ̀, kì í ṣe súìtì. Dídúró yẹn ló máa ń ṣòro jù fún àwa àgbà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ pa Yorùbá tì kí ọmọ lè tètè sọ̀rọ̀, ẹ má gbà. Èdè méjì kì í pa ọmọ tó ní autism lára, èdè tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ni ẹ ó sì fi bá a ṣeré dáadáa.

Ohun tí n kò ní fara mọ́ ni kí wọ́n fi í sáàárín ogún ọmọ lọ́wọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n máa pè é ní ìtọ́jú. Ẹ bẹ ìyá onílé-ìwé kí olùkọ́ kan máa jókòó tì í fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kí olùtọ́jú wá wò ó níbẹ̀, kí ó kọ àfojúsùn sílẹ̀, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, bí ìlànà náà ti là á sílẹ̀.

Bí wọn kò bá tíì yẹ etí rẹ̀ wò, ẹ tètè gbé e lọ sí ẹ̀ka etí ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà sí yín, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa kò ní dáhùn orúkọ rẹ̀, yálà autism wà lára rẹ̀ tàbí kò sí.