Ẹrù tí kò bá yín dé: wọn kì í fi kílò san owó rẹ̀ mọ́

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi wọ ọkọ̀ òfurufú láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, a sì yí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé, àpótí kan ṣoṣo tí a fi sílẹ̀ fún wọn, kílò 23, kò jáde. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. A fẹjọ́ sùn ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n fún wa ní nọ́ńbà. Ọkùnrin kan tó ń báni gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní 20 dọ́là ni wọ́n ń san lórí kílò kan, pé 460 dọ́là ni tiwa, òun á sì mú ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ ìyàwó mi ní irọ́ ni, pé ẹnikẹ́ni tí ẹrù rẹ̀ bá sọnù, 2,000 dọ́là gbáko ni wọ́n ń fún un. Ta ni ká gbọ́? Àbí ká ti gba 460 yẹn kí ọ̀rọ̀ tán? Páwà báǹkì kan wà nínú àpótí náà, ṣé òun ló fà á? Aṣọ ìyàwó mi ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà lára táàgì.

Ìdáhùn:

Ẹ má gba 460 dọ́là yẹn o. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan tí ọkùnrin yẹn bá gbé síwájú yín.

Àwọn méjèèjì tó ń gbà yín nímọ̀ràn ló ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti gba ohun kan gbọ́ tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù yín kò tíì sọnù. Lójú òfin, ẹrù tó pẹ́ ni. Àfi tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti sọnù, tàbí tí ọjọ́ 21 bá kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kó dé, ni ẹ tó lè béèrè owó ẹrù tó sọnù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ohun tó tọ́ sí yín ni owó àwọn nǹkan tí ẹ ní láti rà nítorí pé àpótí kò sí lọ́wọ́ yín. Màá padà síbẹ̀.

Iṣẹ́ wíwá ẹrù tó pẹ́ ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ 20 dọ́là lórí kílò kan yìí sì ń bí mi nínú gan-an. Mò ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba díẹ̀ nínú ohun tó tọ́ sí wọn, tí wọ́n á tún fún alágbàtà nínú díẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá.

Lọ́dún 1929, àwọn ìjọba ṣe àdéhùn kan ní ìlú Warsaw lórí ohun tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jẹ èrò rẹ̀ bí aburú bá ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀n ẹrù ni àdéhùn yẹn fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣírò: owó faransi 250 tí wọ́n gbé ka orí wúrà, lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi 20 dọ́là, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì onípépà. Ibẹ̀ ló ti wọ inú orí àwọn èèyàn, kò sì jáde mọ́. Ẹ wo bí kò ṣe bójú mu tó: ẹni tí kámẹ́rà àti aṣọ ìgbéyàwó wà nínú àpótí rẹ̀ oníkílò 10 kò lè gbà ju 200 dọ́là lọ, nígbà tí ẹni tó di ìwé àtijọ́ kílò 30 lè dé 600.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn ní Montreal, ní Kánádà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2003, orílẹ̀-èdè tó lé ní 130 ló sì wà nínú rẹ̀ báyìí. Àdéhùn Montreal yìí yọ kílò kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹrù èrò pátápátá. Èèyàn ni wọ́n ń kà báyìí. Èrò kọ̀ọ̀kan ní iye kan tí owó rẹ̀ kò lè kọjá, ì báà jẹ́ àpótí kan ló fi sílẹ̀, ì báà jẹ́ mẹ́ta, ì báà wọn kílò 8, ì báà wọn 32. Ẹrù ìṣòwò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láìsí èrò ni wọ́n ṣì ń fi kílò ṣírò, kò sì kàn yín.

Iye náà jẹ́ 1,000 SDR ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó di 1,131 ní ìparí ọdún 2009, ó di 1,288 ní ìparí ọdún 2019, ó sì ti di 1,519 láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024. SDR kì í ṣe owó tí a ń ná lọ́jà. Ìṣírò ni, tí IMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó lágbàáyé, ń gbé kalẹ̀ láti ara owó márùn-ún: dọ́là, yúrò, yúànì, yẹ́ẹ̀nì àti pọ́n-ùn. 1,519 rẹ̀ sún mọ́ 2,000 dọ́là, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ka iye àtijọ́ fún yín lórí ìrìn-àjò tó wáyé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ sọ fún un pé ó ti yí padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín.

Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ o. Ibi tí ẹ ti gbéra àti ibi tí ìrìn-àjò yín parí sí gbọ́dọ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Montreal. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ ni, ibi tí ẹ ti gbéra náà ni òfin kà sí ìparí ìrìn-àjò. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àdéhùn àtijọ́ ṣì mú yín, kí kílò sì padà wọ̀ ọ́. Ìrìn-àjò inú orílẹ̀-èdè kan náà lè ní òfin tirẹ̀. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò yín, n kò sì rí tíkẹ́ẹ̀tì yín, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ mi bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọ̀rẹ́ ìyàwó yín wá ńkọ́? Ibi 1,519 yẹn ló ti rí 2,000 dọ́là rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ka ìlàjì. Iye yẹn ni òpin ibi tí owó lè dé. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín fún gbogbo ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò dé. Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ lórí èyí gan-an ní oṣù Keje ọdún 2020: èrò kan béèrè pé kí wọ́n san gbogbo iye náà fún òun nítorí pé àpótí òun kò dé rárá, ilé ẹjọ́ sì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé èrò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn ohun tó pàdánù, àti pé adájọ́ ni yóò wọn ẹ̀rí náà. Bí ohun tó wà nínú àpótí yín bá tó 700 dọ́là, 700 ni kí ẹ béèrè. Bó bá tó 3,000, òfin yóò dá yín dúró níbi 1,519 SDR, àfi bí ẹ bá ti kéde iye tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ sì san àfikún owó, nígbà tí ẹ ń fi àpótí sílẹ̀. Ìyẹn ti kọjá fún yín báyìí. Ẹ fi í sọ́kàn fún ìgbà míì, kí ẹ sì mọ̀ pé wúrà, owó, oògùn àti kọ̀ǹpútà kò yẹ kó wọ inú ẹrù tí ẹ ń fi sílẹ̀ rárá, nítorí inú ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn kò ní dáhùn fún un. Ó ṣeé bá wọn jiyàn lé lórí lábẹ́ Àdéhùn Montreal, àmọ́ kí ni ẹ fẹ́ fi wàhálà yẹn ṣe?

Ẹ̀rí ni gbogbo iṣẹ́ tó kù. Ní alẹ́ òní, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú àpótí náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ni, ìgbà wo lẹ rà á, èló, kí lẹ fi lè fi hàn pé ẹ ní in. Rìsíìtì dára, ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́jú rìsíìtì bàtà ọdún mẹ́ta? Àkọsílẹ̀ báńkì yóò ṣe é. Ímeèlì ibi tí ẹ ti rajà yóò ṣe é. Fọ́tò tí ìyàwó yín yà pẹ̀lú aṣọ náà lára yóò ṣe é. Ẹ má retí iye tí ẹ rà á ní tuntun lórí nǹkan tí ẹ ti lò, wọ́n máa ń yọ owó ìlò kúrò.

Ẹ má sì purọ́. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín, mo sì mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ fún yín pé kí ẹ fi bàtà márùn-ún kún un. Ibi tí kílò 23 yẹn ti wúlò gan-an nìyí: ó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn láti ìgbà tí ẹ gbé àpótí sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń ka ìwé yín mọ ohun tí bàtà ń wọn, ó sì mọ ohun tí àpótí òfìfo ń wọn. Bí àkọsílẹ̀ yín bá ju ohun tí kílò 23 lè gbà lọ, kò ní gba ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ti aṣọ ìyàwó yín: bó bá jẹ́ pé òun náà ní tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ kan náà, kí ó kọ ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kan náà ní Yúróòpù ti sọ ọ́ lọ́dún 2012 pé ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà nínú àpótí arìnrìn-àjò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè béèrè owó tirẹ̀, bó bá lè fi hàn pé lóòótọ́ ni ẹrù náà wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ibòmíràn lè má gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kí ó kọ ọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án tí ẹ wà yìí. Ẹ ra ohun tí ẹ nílò: aṣọ ìpààrọ̀, ọṣẹ, ohun tí iṣẹ́ tí ẹ bá lọ bá gbà. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ẹ rà á níwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí wọ́n á bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi rà á. Bí àpótí bá dé lẹ́yìn náà, ọjọ́ 21 ni ẹ ní, láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lé yín lọ́wọ́, láti kọ̀wé béèrè owó ìpẹ́ rẹ̀. Bó bá dé pẹ̀lú ìfọ́ tàbí tí nǹkan dín nínú rẹ̀, ọjọ́ 7 péré ni. Ìwé ni mo wí o, kì í ṣe ìpè fóònù. Fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ ní pápákọ̀, tí wọ́n ń pè ní PIR, ìròyìn lásán ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kà á sí, wọn kò gbà á bí ìwé ìbéèrè owó. Ẹ fi ímeèlì tàbí fọ́ọ̀mù orí ìkànnì wọn ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ẹjọ́ mọ́, bó ti wù kí ẹrù rẹ̀ níye lórí tó.

Páwà báǹkì kò gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tí ẹ fi sílẹ̀, nítorí bàtírì lithium lè gbiná. Ọwọ́ yín ló yẹ kó wà nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá rí i nígbà àyẹ̀wò, wọ́n lè yọ àpótí náà sápá kan, nítorí náà ó lè jẹ́ òun, ó sì lè jẹ́ pé àkókò tí ẹ fi yí ọkọ̀ ni kò tó, èyí tó ń fa ẹrù pípẹ́ jù lọ. Ẹ pè wọ́n lónìí, kí ẹ sì sọ òótọ́ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n lè tọ́ka sí i pé ẹ̀yin náà dá kún un, ṣùgbọ́n wọ́n á mọ yàrá tó yẹ kí wọ́n wò. Ẹ fi ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí àpótí máa kọ́kọ́ rí kún un, nítorí bí táàgì bá já, ohun inú rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀. “Aṣọ obìnrin” kò ràn wá lọ́wọ́. “Ìró aláwọ̀ osùn tó ní ìlà funfun, pẹ̀lú bàtà pupa kan tí okùn rẹ̀ ti já” yóò ràn wá lọ́wọ́.

Nọ́ńbà fáìlì yẹn, lẹ́tà márùn-ún àti òǹkà márùn-ún, ẹ má gbé e sójú táyé, ẹ má sì fún alágbàtà kankan. Ẹni tó bá ní in pẹ̀lú orúkọ ìdílé yín lè wo fáìlì yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lórí ìkànnì ayélujára, tí wọ́n sáré dáhùn nígbà tí ẹ ké gbàjarè, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ méjì ló gbé yín, èyí tó gbé yín dé ìparí ìrìn-àjò ni ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni fáìlì wà. Bí ó bá ní ti àkọ́kọ́ ló jẹ̀bi, òfin gbà yín láyè láti mú èyí tó kọ́kọ́ gbé yín, èyí tó gbé yín kẹ́yìn, tàbí èyí tí ẹrù sọnù sí lọ́wọ́, kò sì yẹ kí wọ́n máa gbá yín bí bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ọdún méjì láti ọjọ́ tí ẹ dé ni ẹ ní láti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹ wá agbẹjọ́rò gidi nígbà náà.