Ẹ má gbé ẹ̀rọ kílórínì sórí inverter

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Akóbọ̀ ni mò ń gbé. Ọmọ mi gbẹ́ púùlù sí ẹ̀yìn ilé nítorí àwọn ọmọ-ọmọ mi tó máa ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ó gba nǹkan bí 60,000 lítà omi. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ máa ń gbàgbé láti da kílórínì sí i, omi á sì di àwọ̀ ewé. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń da kílórínì olómi sínú omi fúnra rẹ̀. Oníná wa ní òun máa so ó mọ́ inverter, kó lè máa ṣiṣẹ́ lọ bí Nẹ́pà bá mú iná. Pọ́ǹpù púùlù ò sí lórí inverter, ó ti wúwo jù fún un. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Irú èwo ni kí n rà? Ìyá Àgbà, Akóbọ̀.

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ojú lọ́nà àwọn ọmọ. Irú ẹ̀rọ tí ẹ máa rà kọ́ ló ká mi lára. Ọ̀rọ̀ oníná yín ni. Rárá o. Ẹ má jẹ́ kó so ó mọ́ inverter. Bó bá ti so ó, ẹ ní kó tú u lónìí.

Ìgbà kẹrin rèé lọ́dún yìí tí irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi, láti Bódìjà, láti Òlúyọ̀lé, láti Eléyelé, ohun kan náà sì ni oníṣẹ́ ń sọ fún gbogbo wọn. Àwọn oníná yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Fíríìjì ni wọ́n mọ̀, gílóòbù ni wọ́n mọ̀, ohun tí a ò fẹ́ kó kú ni wọ́n ń gbé sórí inverter. Ẹ̀rọ kílórínì kì í ṣe ẹgbẹ́ fíríìjì. Òun ni ohun tó gbọ́dọ̀ kú nígbà tí pọ́ǹpù bá kú, lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ròbà kan wà nínú rẹ̀, nǹkan kan ń yí lórí ròbà náà, ó ń fún un bí ìgbà tí alápatà ń fún ìfun ẹran kí ohun inú rẹ̀ lè jáde. Bó ṣe ń fún un ni kílórínì ń kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì, tó ń wọ páìpù lọ díẹ̀díẹ̀. Kò mọ̀ bóyá omi ń sáré nínú páìpù tàbí omi dúró. Omi tí pọ́ǹpù ń tì ló ń gbé kílórínì náà lọ pò mọ́ gbogbo 60,000 lítà yẹn, tí kò fi ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ó dáa, Nẹ́pà mú iná ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Pọ́ǹpù kú, omi inú páìpù dúró gbári. Ẹ̀rọ kílórínì wà lórí inverter, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ká ní mílílítà 200 ló ń dà ní wákàtí kan. Nígbà tí iná bá fi dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, odindi lítà kan kílórínì tí ẹnikẹ́ni ò bù omi là ti kóra jọ sínú páìpù tí kò tóbi ju ọrùn ọwọ́ lọ. Pọ́ǹpù jí, ó sì ti gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti ẹnu ihò tó wà lára ògiri púùlù. Ta ló sì máa ń wà nídìí ihò yẹn? Àwọn ọmọdé ni. Wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí pé omi ń ti wọn.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ kejì tó ń da ásíìdì wà lórí páìpù kan náà, tí òun náà ò kú, ọ̀rọ̀ di kàyéfì. Ásíìdì àti kílórínì olómi bá pàdé, gáàsì olóró ni wọ́n ń bí. Gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ojú omi ló máa ń rọ̀ mọ́, níbi tí imú ọmọ wà gan-an. Ó ṣẹlẹ̀ ní California ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ní púùlù gbogbogbòò kan: pọ́ǹpù dákẹ́, àwọn ẹ̀rọ tó ń da kílórínì àti ásíìdì ò dákẹ́, wọ́n tan pọ́ǹpù padà nígbà tí èèyàn wà nínú omi. Nínú nǹkan bí èèyàn 50, àwọn 34 ló ń bì, tàbí tó ń wúkọ́, tàbí tí ojú ń ta. Èmi náà ti bá irú rẹ̀ pàdé nílé kan níbí, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló wúkọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ara rẹ̀ yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n ò gbàgbé ìró ikọ́ yẹn.

Mo mọ̀ pé oníná á ní: bí iná ò bá wá ńkọ́, ṣé omi ò ní bàjẹ́? Kílórínì lè dúró de iná, Mà. Oòrùn ló ń jẹ ẹ́ jù. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní cyanuric acid, agbòòrùn ló jẹ́ fún kílórínì. Bí mílígíráàmù 30 sí 50 rẹ̀ bá wà nínú lítà omi kan, kílórínì á pẹ́ kó tó run. Tí kò bá sí rárá, oòrùn ọ̀sán kan ṣoṣo ti tó láti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kílórínì olómi kì í gbé oògùn yìí wá, ẹ gbọ́dọ̀ fi sí i lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣírò wákàtí tí iná fi máa ń wà. Lítà kan àti díẹ̀ (nǹkan bí 1.2) kílórínì olómi tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú 100 ló ń fún omi yín ní mílígíráàmù 2 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé wákàtí mẹ́fà ni pọ́ǹpù yín ń rí lójúmọ́, ẹ jẹ́ kó da gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà náà. Bí iná ò bá wá fún ọjọ́ méjì, kí ọmọkùnrin yẹn fi ọwọ́ dà á ní ìrọ̀lẹ́ yípo etí púùlù, kó fi búrọ́ọ̀ṣì pò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ omi títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí owó bá wà láti gbé pọ́ǹpù pẹ̀lú sórí sólà, ó dáa bẹ́ẹ̀: wọn á jọ máa jí, wọn á jọ máa sùn.

Bí wọ́n ṣe máa so ó nìyí. Ara wáyà pọ́ǹpù gan-an ni kó ti mú iná, lẹ́yìn táímà àti súwíìṣì, débi pé ohunkóhun tó bá pa pọ́ǹpù á pa òun náà. Kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ìyẹn nìkan ò sì tó, nítorí pọ́ǹpù lè máa pariwo kó má fa omi rárá bí ewé bá dí i lẹ́nu. Ẹ fi flow switch kún un, súwíìṣì tó ń mọ̀ bí omi bá ń sáré nínú páìpù.

Ẹ̀rọ tí ẹ lè rí ròbà rẹ̀ rà ní Ìbàdàn tàbí Èkó ni kí ẹ rà, nítorí ròbà náà máa ń gbó. Lẹ́yìn fílítà ni kílórínì ti gbọ́dọ̀ wọ páìpù, kó jẹ́ ohun tó kẹ́yìn kí omi tó padà sí púùlù. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ibi ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kó wà; ooru ń pa agbára rẹ̀, nítorí náà ẹ má ra ti oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Kó jìnnà sí ásíìdì. Kó má sì sí nínú yàrá inverter, torí òórùn rẹ̀ ń jẹ irin àti wáyà.

Ẹ má sì lé ọmọkùnrin yẹn. Ẹ̀rọ ò mọ omi í yẹ̀ wò. Ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kó máa yẹ̀ ẹ́ wò tí àwọn ọmọ bá wà: kílórínì kó má dín ní mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, pH (ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó) kó wà láàárín 7.2 àti 7.8.

N ò tíì dé ilé yín, n ò sì mọ bí wọ́n ṣe fa wáyà yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ púùlù dúró ti oníná náà, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ìwé tó bá ẹ̀rọ wá. Bí òórùn kílórínì bá ṣàdédé le, tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ẹ kó gbogbo wọn jáde lọ sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ẹni tí mímí bá ṣòro fún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì.

Kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tó kù, Mà, ẹ gbé àga síbẹ̀, kí ẹ ní kí oníná pa pọ́ǹpù níṣojú yín. Bí ohun tó ń yí nínú ẹ̀rọ kílórínì ò bá dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má sanwó.