Èsì: Ṣé òkè oníná ló ń mú omi Ìkógòsì gbóná?
Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Rárá, kò sí òkè oníná ní Èkìtì, níbi tí ìsun omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ Ìkógòsì wà. Èyí tó ṣì wà láàyè tó sún mọ́ wa wà ní Kamẹrúùnù. Ó tú iná lọ́dún 2000. Ti Ìkógòsì yàtọ̀: omi òjò ló ń rì wọnú àpáta lọ sísàlẹ̀, ooru inú ilẹ̀ á mú un gbóná, á wá sun jáde.

Ẹ tún bèèrè ohun tí àwọn ọmọ lè ṣe ní Ìkógòsì: ẹ mú wọn dání dé ibi tí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi títutù ti pàdé. Ẹ ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ki èkejì bọ títutù. Kì í wù mí kí n kúrò níbẹ̀! Tẹ́ ẹ bá dé ibi omi Àrìnta, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, òkúta ibẹ̀ máa ń yọ̀ gan-an lásìkò òjò. Ẹ má fi ọwọ́ àwọn ọmọ sílẹ̀.