Èsì: Ìwọ̀n oúnjẹ lẹ́yìn gastric band

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ara dídá. Ẹ bèèrè ìwọ̀n oúnjẹ tó yẹ yín báyìí tí wọ́n ti fi band, ìyẹn ìgbànú rọ́bà tó ń jẹ́ kí oúnjẹ díẹ̀ tètè yó èèyàn, de òkè àpò oúnjẹ inú yín bíi tèmi. Ẹ gbàgbé abọ́ láfún tí à ń jẹ n'Ítòkú. Àwo ọmọdé àti ṣíbí tíì ni mò ń lò. Ẹja tàbí ẹyin ni mo kọ́kọ́ ń jẹ, kí n tó kan ọ̀fadà ṣíbí bíi mélòó kan.

Òkèlè gan-an ni wàhálà. Ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í rún un, ewédú ló ń bá wa tì í lọ? Ẹyọ kan há mi láyà níwájú àna mi, ojú tì mí! Ẹ rún gbogbo nǹkan kúnná, ẹ má mu omi sí i. Tí àyà bá ti fẹ́ máa fún yín, ẹ gbé àwo kúrò. Bí ebi bá ń tètè padà, kí dókítà yín wo omi inú band náà, èyí tí wọ́n fi ń mú kó fún tàbí kó dẹ̀.