Akọ ológbò wa ń fọ́n ìtọ̀ sára kọ́tìnì àti àga: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Akọ ológbò kan wà nílé wa ní Ìbàdàn tí a gbà nítorí eku, ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Inú yanrìn tí a bù sínú ike ló ti ń tọ̀ láti kékeré, kò yọ wá lẹ́nu rí. Àfi láìpẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀yìn sí kọ́tìnì àti ẹ̀yìn àga, á na ìrù sókè, ìrù náà á máa gbọ̀n, á sì fọ́n ìtọ̀ sí i. Òórùn rẹ̀ kì í lọ. Mo ti fi Izal nu ilẹ̀, mo ti ju káńfọ̀ sí gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá, mo ti nà án, pàbó ni. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n lé e jáde. Aládùúgbò wa ní ẹ̀mí òkùnkùn ti wọ̀ ọ́.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Kí n tó fèsì sí ohun tí ẹ bèèrè gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣa gbogbo káńfọ̀ yẹn kúrò nílẹ̀ lónìí, kí ẹ sì jáwọ́ nínú fífi Izal nu ibi tí ológbò ń gbà. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí tiwa ní láti pa oró irú kẹ́míkà tó wà nínú Izal àti Dettol. Yóò tẹ ilẹ̀ tútù, yóò fi ahọ́n lá àtẹ́lẹsẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, oró náà á sì dé inú. Káńfọ̀ ní tirẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá rí i tó ń da itọ́ lẹ́nu, tó ń gbọ̀n, tàbí tó kọ oúnjẹ, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Ìrù tí ẹ ní ó ń gbọ̀n yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe é. Ológbò tó kàn fẹ́ tọ̀ á lóṣòó ni, á tọ̀ dáadáa sílẹ̀, á sì wa yanrìn bò ó. Èyí tó ń fọ́n ọn á dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á kẹ̀yìn sí ohun tó nàró, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì jáde. Ṣe ló ń fi òórùn sọ fún àwọn ológbò mìíràn pé òun ló ni ibẹ̀, ó sì ń fi pe abo. Bí akọ bá ti ń tó oṣù mẹ́fà ni họ́mọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn èròjà inú ara tó ń mú un wá abo, ń jí, họ́mọ́ọ̀nù yìí náà ló ń mú kí ìtọ̀ rẹ̀ rùn ju ti abo lọ. Kò sí ẹ̀mí òkùnkùn kankan níbẹ̀, kò sì fi ṣe yín níkà. Ẹ má nà án mọ́, ẹ má sì ti imú rẹ̀ bọ ìtọ̀. Ẹ̀rù àti àìbalẹ̀ ọkàn wà lára ohun tó ń mú ológbò fọ́n ìtọ̀, nítorí náà ẹgba ń dá kún un ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Nínú akọ mẹ́wàá tí a bá tẹ̀ lọ́dàá, bíi mẹ́sàn-án ló ń jáwọ́ tàbí tó ń dín in kù gan-an. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí yín. Ẹni tó bá wà ní Abẹ́òkúta lè lọ sí ti FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ akunnilóorun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pe ẹni tó ń fi abẹ tẹ òbúkọ lọ́dàá ládùúgbò. Ìrora yẹn pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè má dá, egbò sì lè kẹ̀. Tí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, torí akọ tó ń jáde máa ń jà. Tí ara bá ń ro ó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má fún un ní paracetamol láé. Ẹyọ hóró kan lè pa ológbò.

Ẹ má retí pé ọjọ́ kejì ni yóò dáwọ́ dúró. Họ́mọ́ọ̀nù tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ lọ tán. Ọ̀pọ̀ ń jáwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn mìíràn ń pẹ́ tó oṣù bíi mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ gbọ́ èyí ṣáájú.

Láàárín àsìkò yìí, ẹ fọ òórùn náà tán, torí ibi tó bá ti gbọ́ òórùn ara rẹ̀ ló ń padà sí. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ tó ní enzyme (èròjà tó ń jẹ ìdọ̀tí; wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀) mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ẹ fi fọ ibẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án, kí ó gbẹ, kí ẹ wá fi sípírítì nù ún. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní igun aṣọ kan kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣí. Ẹ sá kọ́tìnì sóòrùn. Hypo kọ́ ni ẹ ó lò: tó bá pàdé ìtọ̀, èéfín tó ń ta èèyàn lọ́fun ló ń yọ.

Ibi tó ń fọ́n ìtọ̀ sí tún ń sọ̀rọ̀. Kọ́tìnì ni ẹ kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì ṣeé ṣe kí ológbò mìíràn máa wá sábẹ́ fèrèsé yẹn lóru. Ẹ lẹ bébà mọ́ ìsàlẹ̀ gíláàsì kó má rí i mọ́, ẹ má sì fi ìdọ̀tí tó ní egungun ẹja sílẹ̀ lóde. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ ẹ̀yìn àga yẹn dáadáa, ẹ gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀. Ológbò kì í sábà fọ́n ìtọ̀ sí ibi tó ti ń jẹun. Ike yanrìn méjì dára ju ọ̀kan lọ, kí ẹ sì máa kó ẹ̀gbin inú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun kan wà tó yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Tí ẹ bá rí i tó ń lọ lóṣòó léraléra, tó ń fipá tọ̀, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò jáde tàbí tó jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀, ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló ń dí. Akọ ló máa ń ṣe jù, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kódà bó jẹ́ òru.

Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó ṣì ń fọ́n ọn, ẹ gbé e padà wá ká yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Oògùn wà tí a ń lò fún irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara ológbò la fi ń díwọ̀n rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹ lè rà fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù oògùn.