Ayùn Ń Jẹ Igi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n á wọn pátákó dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá rẹ́ ẹ tán, á kúrú. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Ojú ayùn nípọn. Ibi tó bá gbà kọjá á di lẹ́búlẹ́bú. Ọmọ tó bá gbé e lé orí ìlà gan-an ti jẹ nínú ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù kun apá tí wọn ò nílò, ibẹ̀ ni kí ayùn gbà, kí ìlà ṣì hàn. Sáńpépà á yanjú ìyókù. Páálí ni èmi fi ń kọ́ wọn ní ìwọ̀n ná, torí igi wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́ igi tí fáìsì, ìyẹn irin tí a fi ń di igi mú kó má yẹ̀, ò tíì dì mú. Ìka àwọn ọmọ ló ń jẹ mí lógún jù.